Ojú-Ìwé Àkọ́kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí: ẹ̀yin ti yunifásítì, ti pólì, ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, àti ẹ̀yin tí ẹ dá kíláàsì kọ̀ǹpútà tàbí ti aṣọ rírán sílẹ̀ ládùúgbò yín. Sáà tuntun ti ń kanlẹ̀kùn. Olórí ẹ̀ka yín ti ní kí ẹ kọ nǹkan pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ tuntun, èyí tí wọn yóò kà kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ní kò burú. Ẹ sì ti ń wo ti èṣí níbi tó wà, ẹ ń rò ó pé ọdún tó wà lára rẹ̀ nìkan lẹ máa yí padà.

Ẹ ní sùúrù ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àtúnkà irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé, ohun kan náà ni mo sì máa ń rí. Ẹ̀kọ́ gan-an ni olùkọ́ ń fi ọkàn kọ. Ojú-ìwé mélòó kan tó ṣáájú, tó sì jẹ́ pé òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ fojú kàn, alẹ́ ọjọ́ tí onítẹ̀wé ń pè wá lórí fóònù la máa ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí hándáòtù tó jẹ́ pé orúkọ olùkọ́ pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀ ló gba ojú-ìwé kìíní, ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ìyàwó gba ìkejì, tí ìkẹta wá kún fún àlàyé tí ọmọ ọdún kẹta pàápàá yóò máa họrí sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe eré kan. Mo ní orin kan lọ́kàn, orin tí gbogbo yín mọ̀ dáadáa. Mi ò ní kọ ọ́ lẹ́nu. Tábìlì iwájú mi yìí ni màá fi ìka lù. Ẹ tẹ́tí.

[Ìró ìka lórí tábìlì.]

Ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, létí tèmi, orin náà ń dún ketekete, pẹ̀lú ègbè àti àtẹ́wọ́. Lọ́dún 1990, Elizabeth Newton, tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fi irú eré yìí ṣe àyẹ̀wò. Ó ní kí àwọn kan fi ìka lu orin tí tọmọdé tàgbà mọ̀, kí àwọn mìíràn sọ orin tó jẹ́. Orin 120 ni wọ́n lù. Mẹ́ta péré ni àwọn tó ń gbọ́ mọ̀. Ó sì ti kọ́kọ́ bi àwọn tó ń lù ú pé mélòó ni wọ́n rò pé àwọn èèyàn yóò mọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìdajì.

Mo mọ̀ pé àyàn kan wà níbìkan tó ń fi mí rẹ́rìn-ín báyìí, tó ń sọ pé ká ní gángan ni, òun ì bá ti fọhùn. Òótọ́ ni, baba. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà nínú ìlù tiyín, tábìlì kò ní i. Àmọ́ ẹ gbé gángan náà síwájú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ká wá wò ó bóyá yóò mọ ẹni tí ẹ ń kì.

Olùkọ́ tó ti pẹ́ nídìí kọ́ọ̀sì kan, òun gan-an ló ń lu tábìlì yẹn. Ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ó kà á, ó dùn mọ́ ọn, nítorí pé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohun tí yóò fi dí i. Orí rẹ̀ kò kú o. Ìró ìka lásán ló ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u wò. Ká sọ pé kọ́ọ̀sì akáńtìnì ni, fún àwọn tí kò ṣe é rí ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, èdè wa nìkan ni mo fi sọ ọ́:

"Kọ́ọ̀sì yìí dá lórí ìlànà kíkọ owó sílẹ̀ lọ́nà méjì. Yóò ṣe àgbéyẹ̀wò dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì, lẹ́jà, ìwé ìdánwò ìdọ́gba, ìwé èrè àti àdánù, àti ìwé ipò ìní àti gbèsè, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí àgbáyé fọwọ́ sí."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Olórí ẹ̀ka yóò kà á, yóò mi orí. Àmọ́ ta ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá ti mọ gbogbo nǹkan tí wọ́n dárúkọ yẹn kò tún ní ohun tó ń wá nínú kọ́ọ̀sì náà mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti pa ìwé dé. Ẹ wá gbọ́ èyí:

"Obìnrin kan gba àǹkárá ₦100,000 láwìn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti ta ìdajì ọjà náà ní ₦70,000, àmọ́ ₦30,000 nínú owó yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí kò tíì san. Ó fi ₦5,000 wọkọ̀. Ṣé ó jèrè? Èló ni? Kí ló dé tí owó tó wà nínú àpò rẹ̀ kò bá èrè náà dọ́gba? Ẹ mú bébà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ojú-ìwé kejì."

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ṣírò níbi tí wọ́n jókòó sí, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà. Ìdajì àǹkárá tó tà, ₦50,000 ló rà á, ó tà á ní ₦70,000, èrè ₦20,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò, ó ku ₦15,000. Ṣùgbọ́n ₦40,000 ló wọlé sí i lọ́wọ́ nínú owó ọjà, ó sì ti ná ₦5,000 níbẹ̀, nítorí náà ₦35,000 ló wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ wá ka gbogbo ohun tó ní pọ̀: ₦35,000 nínú àpò, ₦30,000 lọ́rùn àwọn oníbàárà, àǹkárá ₦50,000 tó ṣì wà lórí igbá. ₦115,000 ni. Gbèsè tó jẹ, ₦100,000. Kí ló ṣẹ́kù? ₦15,000, èrè tí a ti kọ́kọ́ rí lọ́nà mìíràn. Ìgbà yìí ni kí olùkọ́ tó wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé: ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ ṣe yẹn, òun ni wọ́n ń pè ní ìwé ipò ìní àti gbèsè, bí a ṣe ń ṣe é fún ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ọjà ẹgbẹ̀rún oríṣi la fẹ́ jọ kọ́ títí sẹ̀mẹ́sítà yóò fi parí.

Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Kò sí ohun tí a dín kù nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú ti àkọ́kọ́, orúkọ ló ṣáájú, ohun tí wọ́n ń dárúkọ kò sì tíì dé. Nínú ìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ ti fọwọ́ kan nǹkan náà kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe akáńtìnì nìkan ló gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bùbá tó fún lábíyá, kó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ pé níbo ni ọ̀gá ti gé e kù. Ohun tó wà nítòsí akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ́n, bí olùkọ́ bá fẹ́ wá a.

Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú kì í béèrè iye ọba tó ti jẹ níbẹ̀. Ibi tí yóò sùn àti ibi tí yóò ti rí oúnjẹ jẹ ló ń béèrè. Bákan náà ni ọmọ tuntun. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí n tó dé? Kí ni mo máa rà, èwo ni mo lè yá? Ta ni mo lè bi léèrè, níbo ló wà, ọjọ́ wo ló máa ń wà níbẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń pín máàkì? Iṣẹ́ wo ni kí n ṣe lálẹ́ òní? Ìtàn bí ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ dára, àmọ́ ó lè dúró de ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àyè jù, nítorí òun ni a kì í sọ. A kọ ọ́ síwájú ìwé pé yúnítì mẹ́ta ni kọ́ọ̀sì, a sì rò pé ọmọ mọ ohun tí yúnítì jẹ́. Ní yunifásítì wa, yúnítì kan ni wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15 tí sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́. Yúnítì mẹ́ta, wákàtí 45 nìyẹn, kí a tó dé orí ìwé tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò kà. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kún un pé: "Yàtọ̀ sí ti kíláàsì, ẹ wá wákàtí mẹ́rin mìíràn lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje ló le jù. Bí ẹ bá ní ayẹyẹ tàbí ìrìn-àjò, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sígbà yẹn." Ẹ̀yin tí ẹ ti ń máàkì ìwé ìdánwò láti ọjọ́ yìí wá, ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọsẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Àwọn olùkọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìhàlẹ̀ ni tiwọn. Wọ́n á kọ ọ́ sójú-ìwé kìíní pé kọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe fún ọ̀lẹ, pé àwọn tó fìdí rẹmi níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò lóǹkà. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀. Bí èèyàn rẹpẹtẹ bá ń fìdí rẹmi lábẹ́ ẹnì kan, kò yẹ kí onítọ̀hún máa fi tẹ ìwé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ kíkọ irú ìwé yìí jù ni àwọn tó ń kọ́ ẹni tí wọn kò lè rí. Nígbà tí wọ́n dá Open University sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969, wọn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Oṣù Kìíní ọdún 1971 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì lé ní 20,000: awakọ̀, ìyàwó ilé, nọ́ọ̀sì, tíṣà. Ilé ni wọ́n jókòó sí. Ìwé ń wá bá wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ń wo ẹ̀kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Bí àlàyé kan bá rú ẹni tó ń kàwé ní tábìlì ìdáná rẹ̀ lójú ní aago mọ́kànlá alẹ́, kò sí olùkọ́ kankan nítòsí tí yóò nawọ́ sí. Wọ́n wá pinnu pé olùkọ́ kan ṣoṣo kò ní dá ìwé kọ. Ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn tó ń ṣe ètò ní BBC, àwọn olóòtú, àti ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti mọ bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Derek Rowntree, tó wà lára wọn, ló máa ń sọ pé ó yẹ kí ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ jókòó: olùkọ́ sọ díẹ̀, ó béèrè ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn, olùkọ́ wá fèsì. Ohun tí a ṣe nínú àpẹẹrẹ obìnrin aláǹkárá lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ní ilé wa níbí, National Teachers' Institute ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, ti fi ìwé kọ́ àìmọye tíṣà láìjẹ́ pé wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. NOUN (National Open University of Nigeria) ní tirẹ̀ rí ojú: ìjọba Shàgàrí dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, ó di ìgbà ìjọba Ọbásanjọ́ kí wọ́n tó jí i dìde. Ẹ lọ wo ìwé kọ́ọ̀sì wọn, wọ́n gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìwé atọ́nà tirẹ̀ níwájú, tó ń sọ ohun tí ẹ máa kọ́, bí iṣẹ́ ṣe pín sí ọ̀sẹ̀, iye iṣẹ́ àṣetiléwá, bí máàkì ṣe pín. Mo fẹ́ràn ètò yẹn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló sì yẹ kó ní irú rẹ̀. Ohun tí mo rí sọ sí i ni pé nínú àwọn kan, ó dà bíi pé wọ́n kàn fi orúkọ kọ́ọ̀sì sínú àlàfo ni. Àkòrí kan náà, gbólóhùn kan náà, ti ìmọ̀ òfin bí ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka mẹ́ta nínú irú rẹ̀ kò ní ka ìkẹrin.

Nípa ọjọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má kọ ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà sínú ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ wá kọ àwọn ọjọ́ náà sórí bébà kan lọ́tọ̀ tí ẹ lè tún tẹ̀. Gbogbo wa la rántí 2022, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní Oṣù Kejì, tó jẹ́ pé Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó wọlé. Hándáòtù tó kún fún ọjọ́ lọ́dún yẹn di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà.

Bí ẹ bá sì ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, "ẹ" ni kí ẹ lò. Lára àwọn tó ń ka irú ìwé yìí lóde òní, ẹni tó ju olùkọ́ lọ lọ́jọ́ orí pọ̀. Àní, mo rò pé ó yẹ kí ojú-ìwé kan wà ní Yorùbá nínú ìwé ìfáàrà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe kọ́ọ̀sì náà. Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ fà wá sẹ́yìn. Kí wọ́n rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Ìwé tí wọn yóò lò kò sí nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Olùkọ́ kan gbé ìfáàrà kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà fún mi láti tún kà. Dípò kí n mú bírò, ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ń retí ìgbaniwọlé ni mo pè. Mo ní kó máa fi ìka tẹ̀lé ohun tó ń kà, èmi sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìka náà fò kọjá gbogbo ojú-ìwé tí wọ́n to àfojúsùn kọ́ọ̀sì sí, kò tilẹ̀ kàn án. Ó dúró níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i dájú pé ètò tí wọn yóò máa fi kọ iṣẹ́ wà "lórí ẹ̀rọ rẹ̀". Ó wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Ó ṣí ìwé síwájú, ó tún ṣí i padà. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tí kò bá ní láptọ́ọ̀pù ò lè ṣe kọ́ọ̀sì yìí ni?"

Mo pe olùkọ́ náà. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní yàrá kọ̀ǹpútà wà ní ẹ̀ka àwọn, pé ó ń ṣí di ìrọ̀lẹ́, àti pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Mo ní kí ló dé tí kò sí nínú ìwé. Ó ní, "Ṣebí gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́. Kí ẹ tó fi ti ọdún yìí ránṣẹ́ sí onítẹ̀wé, ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ́ọ̀sì náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni o, tàbí ọmọ tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu géètì. Ẹ gbé ìwé náà fún un, ẹ jókòó tì í, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ má ṣàlàyé, nítorí ẹ ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kà á. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì ta ojú-ìwé mélòó kan yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ pín in.